Láti Òpó Kẹfà dé Òpó Kẹwàá

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń bi ara yín pé iṣẹ́ wo ni ẹ máa ṣe láyé, ẹ jókòó, ẹ gbọ́ tèmi. Ẹ má wò ó pé ìwé mi kò pọ̀. Ọdún méjì péré ni mo lò nílé ìwé. Olùkọ́ gbàdúrà kí n kúrò níbẹ̀, èmi náà gbàdúrà kan náà, Ọlọ́run sì gbọ́ tiwa méjèèjì. Bí mo ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ ni mo ṣe ń kọ ọ́.

Iṣẹ́ tí mo ṣe kò ní orúkọ. Mo ta wàgàṣì díndín, ìyẹn wàrà àwọn Fúlàní, àti iṣu díndín fún ọkọ̀ ojú irin tó dúró níbi tí kò yẹ kó dúró. Mi ò tajà nínú ibùdókọ̀ Tchaourou o. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ní ìgúnpá tó mú ju ọkọ́ lọ. Tí o bá sún mọ́ fèrèsé ọkọ̀ wọn, o máa fi ẹ̀gbẹ́ rẹ sanwó. Ibi tiwa wà nínú igbó, lápá ọ̀nà Ṣábẹ̀, kí ọkọ̀ tó wọ ìlú. Òpó gíga kan wà níbẹ̀ tó ní apá irin pupa lórí. Tí apá yẹn bá nà gbọọrọ, ọkọ̀ gbọdọ̀ dúró, ìbáà jẹ́ ìjọba ló gbé. Tó bá rọ̀ wálẹ̀, kó máa lọ. Ọwọ́ ni àwa obìnrin ń pè é. Ojú irin kan ṣoṣo la ní. Bí ọkọ̀ kan bá ṣì ń ṣe nǹkan rẹ̀ ní ibùdó, èyí tó ń bọ̀ láti Kutọnu á dúró síwájú Ọwọ́, á máa mí nínú igbó bí màlúù tó sọnù. Nígbà náà ni a ó gbé àwo jáde.

Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ náà kò gùn. Ìyá mi mú mi lọ bá Ìyá Sansọ̀n pẹ̀lú adìyẹ kan. Adìyẹ náà kú lọ́sẹ̀ yẹn. Èmi kò kú. Vwàlà, ó parí.

Obìnrin gbẹ́rẹ́gbẹ́rẹ́ kan ni Ìyá Sansọ̀n, ará abúlé Sansọ̀n, Mùsùlùmí tí kì í fi ìrun ṣeré, tí kì í sì í fi ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín. Fún odindi oṣù kan, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan àwo. Ó fi mí jókòó sábẹ́ igi emi, ó ní kí n kọjú sí òpó yẹn.

"Féli, kí ni Ọwọ́ wí?"

"Ó ní kí wọ́n dúró, Ìyá."

"Ta ló ń bá wí?"

"Awakọ̀ ni."

Ìkó! Ó ti sọ ìkó sí mi lórí. "Gbogbo ohun tó ní ẹsẹ̀ ló ń bá wí. Tún un sọ."

Ilé ìwé tèmi nìyẹn. Álífábẹ́ẹ̀tì oní-lẹ́tà méjì: dúró, máa lọ. Mo sì tún fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mẹta.

Lẹ́yìn ìyẹn ni òfin tó kù. A kì í wọ abẹ́ ọkọ̀ kọjá, bí oníbàárà tilẹ̀ ń pariwo ní òdìkejì. A kì í jókòó sórí irin. Tí fèrè bá dún, gbé ọwọ́ kúrò lára fèrèsé, kódà kí àwo rẹ ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó ń rà. "Àwo kì í kú," ló máa ń wí. "Ènìyàn ló ń kú."

Òfin tó kẹ́yìn ló yà mí lẹ́nu jù. "Ẹni tó bá mú àsíá, a kì í pè é, a kì í sì í bọ́ ọ."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹni tó ń mú àsíá. Nígbà tí ọkọ̀ bá dúró báyìí, ọkùnrin tó wà nínú wágọ́ọ̀nù tó kẹ́yìn á sọ̀ kalẹ̀. Tonton Bíò ni tiwa (tonton là ń pe àgbà ọkùnrin, tata ni ti obìnrin), ọmọ Baatonu, àwọn tí ẹ̀ ń pè ní Bàrìbá, láti Tchatchou, ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, eyín iwájú rẹ̀ kan kò sí níbẹ̀. Á mú àsíá pupa àti agolo pẹlẹbẹ mẹ́ta tó rí bí agolo ìpara, á sì fi ẹsẹ̀ rìn padà sí ọ̀nà tí ọkọ̀ ti wá. Òpó wáyà ló fi ń ka ọ̀nà. Tó bá dé òpó kẹwàá, á de agolo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ orí irin. Ẹ̀tù ló wà nínú wọn. Bí ọkọ̀ mìíràn bá ń bọ̀ lẹ́yìn, tí awakọ̀ rẹ̀ kò rí àsíá, ẹsẹ̀ ọkọ̀ á tẹ agolo, á dún gbàù, gbàù, gbàù, awakọ̀ á mọ̀ pé nǹkan wà níwájú. Láti òpó kẹwàá, á ráyè dúró kó tó kan ìdí ọkọ̀ wa.

Tonton Bíò kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀. Òjò ni o, ejò ni o, ebi ni o. Àfi tí ọkọ̀ rẹ̀ bá fọn fèrè gígùn lẹ́ẹ̀mẹrin láti fi pè é padà. Bí wọn ò bá pè é, kó dúró títí ayé fi máa parí. Òfin ni.

Èmi tí orí mi kò pé nígbà yẹn, mo mọ súfèé sú ju ọkùnrin lọ. Lọ́jọ́ kan tí ọkọ̀ dúró, mo ki ìka méjì bọ ẹnu, mo sú u: fíííì, fíííì, fíííì, fíííì. Bí ẹni pé ọkọ̀ gan-an ni. Kò pẹ́, Tonton Bíò ti ń sáré bọ̀ pẹ̀lú àsíá lábẹ́ abíyá. Ó débẹ̀, ó rí Ọwọ́ tó ṣì nà, ó wò mí. Mo ti ń rẹ́rìn-ín. Kò bínú, ó yí padà, ó tún fẹsẹ̀ rin gbogbo rẹ̀ lọ.

Ìyá Sansọ̀n ló bínú. Ó fi ṣíbí wàgàṣì nà mí títí ṣíbí fi tẹ̀. "Súfèé yẹn, ṣé eré ni? Ó fi ẹ̀mí rẹ̀ gbọ́ràn sí i lẹ́nu! Bí o bá tún sú u láìnídìí, wá ọ̀gá mìíràn." Mi ò sú u mọ́. Ẹ fi ọ̀rọ̀ súfèé yìí sọ́kàn.

Ẹ̀yin tí ẹ kò bá ọkọ̀ ojú irin pàdé, ẹ ò mọ bí ó ṣe ń rí nígbà tó bá dúró. Ní ibùdó, ariwo ni. Ṣùgbọ́n níbi Ọwọ́, bí a bá tajà tán, nǹkan á dákẹ́. Àwọn èrò á yọ orí sí fèrèsé, wọn ò ní sọ̀rọ̀. Ẹyẹ pàápàá kì í ké. Ọgọ́rùn-ún ènìyàn nínú igbó, gbogbo wọn ń wo irin pupa kan, wọ́n ń retí kó gbà wọ́n láàyè. Mo máa ń rẹ́rìn-ín kí ara mi má baà bù máṣọ. Àti lẹ́yìn, lọ́hùn-ún, ọkùnrin kan dá dúró pẹ̀lú aṣọ pupa, tí gbogbo wa kọ ẹ̀yìn sí.

Bọ̀n, ó dáa. Ìyá Sansọ̀n darúgbó, ẹsẹ̀ kọ̀, ó padà sí abúlé rẹ̀. Mo jogún igi emi, mo jogún Ọwọ́. Mo ti ní ọmọ méjì nígbà náà, ẹnu mi ti mú dáadáa. Kò sí ọ̀gá mọ́, èmi ni ọ̀gá.

Àárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń ṣẹ́, mo ní kí n gbé oúnjẹ lọ fún Tonton Bíò ní òpó kẹwàá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, mo ní nínú ara mi. Ó jẹ ẹ́ ní ìdúró, ó fi àsíá há abíyá.

"Tata Féli, Ọlọ́run á fún ọ ní ọkọ mìíràn."

"Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Ẹyọ kan tí mo ní ń jẹ ju ọkọ̀ yín lọ."

Ó rẹ́rìn-ín títí ihò eyín rẹ̀ fi hàn. Òtítọ́ ni mo ń sọ fún yín: ẹ̀rín yẹn ni mo tún ń gbé oúnjẹ lọ bá. Kò sí ohun mìíràn láàárín wa. Ẹni tó bá ń dá gbogbo ayé lẹ́rìn-ín, ó máa ń dùn ún tí ẹnìkan bá rẹ́rìn-ín dáadáa.

Gbogbo ìgbà tí Ọwọ́ bá nà ni mo wá ń lọ. Òkúta wẹ́wẹ́ ojú irin kì í ṣe ọ̀nà ẹlẹ́rù. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Má rin gbogbo ìyẹn wá mọ́. Èmi á dúró ní òpó kẹsàn-án." Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹkẹjọ. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Nígbà tó fi máa di ọdún kejì, òpó kẹfà ni ibi tiwa. Mo tilẹ̀ gbé òkúta pẹrẹsẹ kan síbẹ̀ fún àwo.

Mo lọ kí Ìyá Sansọ̀n, mo sì fi ẹnu ara mi sọ fún un, bí ẹni ń ṣeré. Kò pariwo.

"Òpó mélòó lo ní?"

"Mẹ́fà, Ìyá. Kò sí nǹkan kan. Ọkọ̀ wo ló ń bọ̀ lẹ́yìn? Ọkọ̀ kan lójúmọ́ ló ń ti Kutọnu bọ̀!"

"Féli, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ."

Mo rẹ́rìn-ín rẹ̀ dé ilé.

Oṣù ọyẹ́ ni. Kùrukùru bolẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà débi pé mo gbọ́ ọkọ̀ kí n tó rí i. Ọwọ́ nà, a kò rí òpó rẹ̀, apá pupa nìkan la rí, ó ń fò lófuurufú bí ẹni pé kò lára. Mo ta díẹ̀, mo gbé ti Tonton Bíò, mo bẹ̀rẹ̀ sí ka òpó. Ní òpó kẹfà mo bá a. Ó ti de agolo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níwájú díẹ̀. Ó gún àsíá mọ́ inú òkúta, ó gba àwo. Èmi wá jókòó sórí irin. Ẹ gbọ́ mi? Èmi tí Ìyá Sansọ̀n kọ́ ní òfin yẹn.

A kò tíì sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo rí i tí ó dáwọ́ jíjẹ dúró. Ó ní, "Irin ń sọ̀rọ̀." Lóòótọ́, mo gbọ́ ọ láti ìdí mi, ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan, bí ẹ̀fọn tó wọ inú ìgò.

Gbàù. Gbàù. Gbàù.

Ọkọ̀ kékeré àwọn tó ń tún ojú irin ṣe ni, dẹrẹsínì, awakọ̀ rẹ̀ rò pé ọkọ̀ wa ti wọ ìlú. Ó tẹ bíréèkì. Mo gbọ́ irin tó ń ha irin. Tonton Bíò wà lẹ́bàá ọ̀nà, ara rẹ̀ yè níbi tó wà. Ó fò wọ ojú irin, ó tì mí. Mo ṣubú sínú koríko. Mo gbójú sókè, kùrukùru nìkan ló kù, lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ìró ńlá lápá Ọwọ́: dẹrẹsínì ti lọ kan ìdí ọkọ̀ wa. Òṣìṣẹ́ méjì kán lápá. Tonton Bíò ni kò dìde.

Àwo mi wà lórí òkúta pẹrẹsẹ. Kò sán. Wàgàṣì méjì ṣì wà nínú rẹ̀. Àwo kì í kú.

Wọ́n fi àsíá bò ó, wọ́n gbé e sínú wágọ́ọ̀nù tó kẹ́yìn, ọkọ̀ sì wọ Tchaourou. Kò sí ẹni tó fọn fèrè ẹlẹ́ẹ̀mẹrin. Ta ni wọn ì bá fi pè?

Àwọn olùwádìí wá pẹ̀lú ìwé. Wọ́n ka òpó, wọ́n bi àwa obìnrin léèrè: "Kí ló dé tó dúró níhìn-ín, tí kò dé ibi kẹwàá?" Wọ́n wò mí. Èmi, ẹlẹ́nu mímú Tchaourou, mo ní, "Mi ò mọ̀." Wọ́n wá kọ ọ́ pé ọ̀lẹ ni. Pé ó rẹ̀ ẹ́ láti rin òpó mẹ́rin.

Láti ọdún yẹn, bí ọyẹ́ bá ti bo ilẹ̀, mo máa ń rí ẹnìkan ní òpó kẹwàá. Kì í ṣe ẹkẹfà o. Ibi tó yẹ kó dúró ni. Ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, nǹkan pupa kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kì í mì. Bí mo bá sún mọ́ ọn, igi ni, tàbí òpó fúnra rẹ̀. Bí mo bá yí padà, mo mọ̀ pé ó tún ti dúró. Mo sọ fún Ìyá Sansọ̀n kó tó kú. Gbogbo ohun tó wí ni, "Má pè é. Má bọ́ ọ." Mo pa òfin náà mọ́, ó ti pẹ́ jù ṣáá ni.

Ohun èlò yí padà. Wọ́n fún awakọ̀ ní ohun ìbánisọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fọwọ́ mú, tí ó máa ń tutọ́ sí wọn létí ju bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ. Agolo ẹ̀tù kò wọ́pọ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ọkọ̀ ń bọ̀ lọ́sẹ̀, lẹ́yìn náà lóṣù, lẹ́yìn náà koríko ló wọ ọkọ̀. Mo gbé àwo lọ sétí títì, mo ń ta fún àwọn ọlọ́kọ̀ ẹrù. Àwọn yẹn kò mọ Ọwọ́ kankan. Wọ́n máa ń dúró níbi tí ebi bá ti pa wọ́n. Wọ́n gbàgbé Ọwọ́ síbẹ̀ ní nínà. Wáyà rẹ̀ dípẹtà, kò sí ẹni tó fà á sílẹ̀.

Ọyẹ́ tó kọjá yìí ni obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ lórí sẹ́mì, alùpùpù akérò, níwájú ìsọ̀ mi, ewú ti wà lórí rẹ̀, eyín rẹ̀ pé. Ó ní Bọ́nà lòun, olùkọ́ ni òun ní Tchatchou, bàbá òun ni Bíò tó kú sójú irin.

"Tata, wọ́n ní ẹ̀yin nìkan lẹ kù nínú àwọn tó ń tajà níbẹ̀. Ọmọbìnrin mi gbọ́ pé wọ́n tún fẹ́ gbé ọkọ̀ ojú irin padà. Ó ní iṣẹ́ yẹn lòun fẹ́ kọ́. Àwọn ẹbí kọ̀. Wọ́n ní ìdílé wa ti fi ìmẹ́lẹ́ pa ara rẹ̀ níbẹ̀ rí, kò tún gbọdọ̀ ṣe é. Láti kékeré ni wọ́n ti ń pe èmi ní ọmọ ọ̀lẹ. Mo fẹ́ mọ̀. Ṣé ọ̀lẹ ni?"

Ẹnu mi ti ṣe bí ẹni máa ṣàwàdà. Àwàdà kò wá. Mo ní kó padà wá láàárọ̀ ọ̀la.

Kùrukùru pọ̀ lọ́jọ́ náà bí ti àtijọ́. Mo gbé oúnjẹ sínú àwo yẹn gan-an, nítorí àlejò kì í wá sọ́dọ̀ mi kó má jẹun. A bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ Ọwọ́, mo ń ka òpó fún un. Kùkùté ni púpọ̀ nínú wọn. Ní ìkẹfà, òkúta pẹrẹsẹ mi wà níbẹ̀. Mo dúró, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Oúnjẹ, ẹ̀rín, òpó kẹsàn-án, ẹkẹjọ, irin tí mo jókòó lé. "Mi ò mọ̀" tí mo sọ fún àwọn olùwádìí. "Bàbá rẹ kì í ṣe ọ̀lẹ. Nítorí ẹsẹ̀ mi ló ṣe dúró níhìn-ín, nítorí ara mi ló ṣe kú. Èmi ni òpó mẹ́rin tó kù. Màá wá síwájú àwọn ẹbí yín, màá tún un sọ."

Kò sunkún, kò bú mi. Bóyá ì bá sàn kó bú mi. Ó ní, "Ẹ dúró níhìn-ín." Ó dá lọ sínú kùrukùru, ó ń kà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́: èje, ẹ̀jọ. N kò gbọ́ ìyókù.

Ó pẹ́. Nígbà tó padà, ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Tata, ta ni bàbá tó wà lọ́hùn-ún?"

Mo di àwo mú.

"Ó kí mi ní èdè Baatonu. Ó ní ṣé ọkọ̀ ti pe òun?"

Gbogbo ọdún wọ̀nyí, mo rò pé ó wá bá mi jà ni. Kò bá mi jà. Kò tilẹ̀ rántí mi. Wọn ò tíì pè é, kò sì gbọdọ̀ kúrò.

Eyín mi kò pé mọ́, mi ò mọ̀ bóyá ẹnu máa gbà. Mo ki ìka méjì bọ ọ́. Fíííì. Èkíní tẹ̀. Mo tún ẹnu ṣe. Fíííì. Fíííì. Fíííì. Mo fi ẹ̀ẹ̀kan kún un nítorí èkíní tó tẹ̀, kí Ìyá Sansọ̀n má baà rí àléébù.

Nǹkan dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ òkúta wẹ́wẹ́: kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ ẹni tí kò kánjú, tó parí iṣẹ́. Ó ń bọ̀ láàárín irin. Mo fa Bọ́nà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kúrò lójú irin, bí òfin ti wí. Ó kọjá lára wa. A kò rí i. Otútù kan kàn wá lẹ́rẹ̀kẹ́, àti òórùn ẹ̀tù. Ó lọ sápá Ọwọ́.

Nígbà tí a débẹ̀, Ọwọ́ ti wálẹ̀.

Ọmọ mi ní ìpẹtà ló jẹ irin. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ìpẹtà ni. Mo sì ti lọ sí Tchatchou, mo ti sọ ọ́ níwájú gbogbo ẹbí, wọ́n ti fi ojú gbóná wò mí, wọ́n sì ti jẹ́ kí ọmọbìnrin náà lọ kọ́ iṣẹ́. Ẹ̀yin tó kù, ẹ mú iṣẹ́ tó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ bèèrè òpó mélòó ni, kí ẹ sì rìn ín pé. Tí ẹ bá fẹ́ràn ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ dúró dè é.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí Ọwọ́ wálẹ̀ yẹn, èmi àti Bọ́nà jókòó sábẹ́ igi emi. Ó ní, "Tata, ebi ń pa mí." Mo ṣí àwo. Mo pín wàgàṣì sọ́nà mẹ́ta, mo gbé ìpín kan sórí ewé, lápá ibi tí Ọwọ́ wà.

Ìyá Sansọ̀n, ẹ má bínú. Wọ́n ti pè é. Ó lè jẹun báyìí.